Ohun tí èérún irin ń sọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n wò

Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yí irin, bí ènìyàn bá wo ilẹ̀ nìkan, yóò mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà. Ìdí ẹ̀rọ ni èérún irin máa ń kó jọ sí. Òmíràn gùn bí ọ̀já ìpọnmọ, ó sì lọ́ mọ́ra bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Òmíràn ká róbótó bí ìkarahun ìgbín. Òmíràn kò ju hóró ìrẹsì lọ. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, ọmọ iṣẹ́ á gbá gbogbo rẹ̀ jọ, á dà á sínú àgbá, ó parí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n gbá a kí òun tó yẹ̀ ẹ́ wò. Á mú ẹyọ kan tí ó ti tutù, á wo àwọ̀ rẹ̀, á wo bí ó ti ká, á wo inú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Láti ara ohun tí àwọn mìíràn ń pè ní ìdọ̀tí yìí ni yóò ti mọ̀ bóyá ọ̀bẹ ẹ̀rọ ṣì mú, bóyá eré ẹ̀rọ ti pọ̀ jù, àti bóyá ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ewu.

Èérún irin ni gbogbo ohun tí ọ̀bẹ ẹ̀rọ bá gé kúrò lára irin, ìbáà gùn, ìbáà kúrú. «Copeau» ni wọ́n ń pè é lédè Faransé. Ẹ̀rọ tí ń mú un jáde ni wọ́n ń pè ní «tour»; ẹ̀rọ ayírin ni yóò máa jẹ́ nínú àkọsílẹ̀ yìí. Ẹ̀rọ náà ń di ọ̀pá irin mú lẹ́nu, ó sì ń yí i gbirigbiri. Ọ̀bẹ kúkúrú kan, tí ó le ju irin náà lọ, dúró sí ẹ̀gbẹ́. Ọ̀bẹ kì í yí. Irin ni ó ń yí wá bá a. Bí ọ̀bẹ ti ń sún díẹ̀díẹ̀ lọ ní gígùn ọ̀pá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá ń tín-ín-rín sí i, tí ó sì ń rí róbótó gẹ́lẹ́. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá tuntun fún ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo, tàbí èyí tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ láti fi ṣe gààrí. Bí ara ọ̀pá náà bá rí págunpàgun, ibi tí ó ti ń yí yóò tètè jẹ, ẹ̀rọ yóò sì dákẹ́ ní ọjọ́ ọjà gan-an.

KÌ Í ṢE BÍ ÀÁKÉ TI Ń LA IGI

Ẹni tí ó bá ti la igi rí mọ̀ pé àáké kì í wọlé tán kí igi tó là. Ojú lílà á ti sáré síwájú ẹnu àáké, á tẹ̀ lé iṣan igi lọ. Ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n ni ó rò pé báyìí náà ni ọ̀bẹ ẹ̀rọ ṣe ń gé irin. Ní ọdún 1900 pàápàá, Franz Reuleaux, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ṣì ń sọ pé irin máa ń là síwájú ẹnu ọ̀bẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn sì ti mọ̀ ṣáájú rẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni Ivan Time, ará Rọ́ṣíà, tí ó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1870. Òmíràn ni Henri Tresca, ará Faransé, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Conservatoire des arts et métiers ní Paris, tí orúkọ rẹ̀ sì wà lára orúkọ 72 tí wọ́n kọ sára ilé gogoro Eiffel. Ní 1873, Tresca tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí bí ẹ̀rọ ṣe ń fá irin. Ohun tí ó kíyè sí kò ṣòro láti yé ènìyàn: bí wọ́n bá wọn ọ̀nà tí ọ̀bẹ rìn, tí wọ́n sì wọn èérún tí ó jáde, èérún ni ó kúrú jù. Níbo wá ni ìyókù gbà? Kò sí èyí tí ó sọnù. Èérún ti nípọn ju bí ó ti wà lára irin lọ ni. Ní ti akọ irin, ó wọ́pọ̀ kí èérún nípọn tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ohun tí ọ̀bẹ gé.

Igi tí wọ́n là kì í kúrú. Ohun tí ó bá kúrú, tí ó sì nípọn, wọ́n ti fún un pọ̀ ni. Bí irin ti ń yí bọ̀ wá kọlu ọ̀bẹ, kò rí àyè kọjá. Á máa fún pọ̀ títí agbára rẹ̀ yóò fi pin, lẹ́yìn náà ni apá kan yóò yọ̀ gẹ̀rẹ́ lórí apá kejì, tí yóò sì gun ojú ọ̀bẹ lọ. Kí ìyẹn tó kọjá tán, òmíràn ti yọ̀ tẹ̀ lé e.

Bí ènìyàn bá to ìwé ogún lé ara wọn, tí ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ ti òkè wọn láti ẹ̀gbẹ́ kan, ìwé kọ̀ọ̀kan yóò yọ̀ díẹ̀ lórí èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Òkítì tí ó dúró ṣánṣán yóò wá rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Síbẹ̀, kò sí ìwé kankan tí ó ya. Bí irin ti ń ṣe lẹ́nu ọ̀bẹ nìyẹn, ní ìgbà àìmọye láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ nílé lè fi ọṣẹ dán an wò. Kí ó mú ọṣẹ ìfọṣọ tuntun tí omi ara rẹ̀ kò tíì gbẹ, kí ó fi ọ̀bẹ fá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èérún ọṣẹ náà yóò nípọn, yóò sì ká. Kí ó wá fi ọ̀bẹ kan náà fá ọṣẹ tí ó ti gbẹ nínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí kò ní ká mọ́. Yóò máa fọ́ wẹ́wẹ́ bí àkàrà àná. Irin tí ó rọ̀ àti irin tí kò rọ̀ ní ìwà méjèèjì yìí.

ÌDÍ TÍ Ó FI Ń KÁ

Èérún irin ní ojú méjì, wọn kò sì jọra. Ojú tí ó fara kan ọ̀bẹ ń dán bí dígí, nítorí pé tipátipá ni ó fi ra ojú ọ̀bẹ kọjá. Ojú kejì, tí kò kan nǹkan kan, ní ìlà wẹ́wẹ́ lára bí etí owó ẹyọ. Àmì ibi tí irin ti ń yọ̀ lórí ara rẹ̀ ni àwọn ìlà náà. Bí ènìyàn bá wo èérún tí ó ká, yóò rí i pé ojú dídán ni ó wà níta, tí ojú onílà wà nínú. Èyí fi hàn pé ojú dídán ni ó gùn jù. Ohun tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan bá sì gùn ju èkejì lọ kò lè dúró ní títọ́. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ síhà èyí tí ó kúrú. Ewé tí oòrùn bá mú omi kúrò lójú rẹ̀ kan ju èkejì lọ ń ká fún ìdí kan náà. Ìgbóná àti ìfarara tí ó wà láàárín èérún àti ọ̀bẹ wà lára ohun tí ń mú kí ojú dídán yìí nà.

Kíká kejì tún wà, òun ni ó ń mú kí èérún lọ́ bí ìwo àgbò. Etí èérún kan ti ìta ọ̀pá wá, etí kejì ti inú wá. Lára ohun tí ń yí, ìta a máa sáré ju inú lọ. Bí ẹni méjì bá di ara wọn lọ́wọ́ mú, tí wọ́n sì ń yí òpó kan po, ẹni tí ó wà níta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yá jù. Bẹ́ẹ̀ ni etí ìta èérún ń gùn ju ti inú lọ, tí gbogbo rẹ̀ sì ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Níbi tí kíká méjèèjì bá ti pàdé, ọ̀já irin tí ó lọ́ gbọọrọ, tí ojú fẹ́ràn láti wò, ni ó ń jáde.

Ojú lè fẹ́ràn rẹ̀. Ọwọ́ ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Ọ̀JÁ TÍ Ń GÉ ÌKA

Irin tí ó rọ̀ díẹ̀, irú èyí tí ó pọ̀ jù ní ìsọ̀ àwọn tí ń ta irin, kì í fẹ́ já. Èérún rẹ̀ á máa tú jáde láìdáwọ́ dúró, mítà lé mítà. Etí rẹ̀ mú bí abẹ. Ó gbóná. Bí ìpẹ̀kun rẹ̀ kan bá wé mọ́ ọ̀pá tí ń yí, ẹ̀rọ á máa fà á, ọ̀já náà á sì máa na gbogbo ohun tí ó wà nítòsí bí pàṣán. Ọmọ iṣẹ́ tí ojú ń kán, tí kò fẹ́ kí ọ̀gá bínú pé iṣẹ́ dúró, á na ọwọ́ láti fà á kúrò. Níbẹ̀ ni ìka ti ń lọ. Ọ̀já irin kì í já bí òwú. Ó ń gé ẹran títí dé egungun. Bí ó bá sì ti wé mọ́ ọwọ́, ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ènìyàn ni òun ń fà.

Àwọn kan rò pé ìbọ̀wọ́ ni àtúnṣe. Nídìí ẹ̀rọ tí ń yí, ìbọ̀wọ́ léwu ju ọwọ́ òfo lọ, nítorí pé ohun tí ń yí lè gbá etí rẹ̀ mú, kí ó sì fa ọwọ́ lódindi tẹ̀ lé e. Bákan náà ni apá aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀, okùn ọrùn, ìborùn àti irun gígùn. Ohun tí ó tọ́ kò sì wọ́n: kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró pátápátá; kí wọ́n fi ìkọ́ irin tí ó ní èèkù fa ọ̀já náà kúrò; kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbá àwọn kéékèèké. Fífi afẹ́fẹ́ láti ẹnu ẹ̀rọ fẹ́ wọn dànù yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ẹlòmíràn ni wọ́n máa ń fò lọ bá. Kí awò ààbò wà lójú ẹni tí ń ṣiṣẹ́ àti lójú oníbàárà tí ó dúró tì í. Awò tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, ìkọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì kò tó. Ohun tí ó dára jù ni kí ọ̀já náà máa ṣẹ́ fúnra rẹ̀ kí ó tó gùn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ti ń ṣi ọ̀rọ̀ mú. Nítorí pé ẹ̀rù ẹ̀rọ ń bà wọ́n, wọ́n á jẹ́ kí ọ̀bẹ sún díẹ̀ bíńtín, kí ó máa gé tín-ín-rín, wọ́n á sì rò pé ọ̀nà àlàáfíà nìyẹn. Òun gan-an ni ó ń mú ọ̀já gígùn jáde. Koríko tín-ín-rín ṣeé wé mọ́ ìka. Igi tí ó nípọn tó àtàǹpàkò, bí ènìyàn bá fẹ́ wé e bẹ́ẹ̀, yóò ṣẹ́. Èérún tín-ín-rín yóò máa ká títí láìṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú kí ọ̀bẹ sún ju bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo ìgbà tí irin bá yí lẹ́ẹ̀kan, láti 0,05 mìlímítà sí 0,2 fún àpẹẹrẹ, èérún yóò nípọn, kò sì ní lè ká púpọ̀ kí ó tó ṣẹ́. Ó yẹ kí ọ̀gá jókòó ti ọmọ iṣẹ́ fún ẹ̀kọ́ yìí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, dípò kí ó dúró de ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ yóò kọ́ ọ.

Ọ̀nà kejì wà lára ọ̀bẹ. Lórí àwọn ọ̀bẹ kéékèèké pélébé tí wọ́n ń pè ní «plaquette», kòtò tóóró kan wà lẹ́yìn ẹnu ọ̀bẹ. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí èérún bá gun ojú ọ̀bẹ dé ibẹ̀, ògiri kòtò náà yóò fi ipá mú un ká ju bí ó ti fẹ́ lọ. Orí rẹ̀ yóò kọlu irin tàbí ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ, yóò sì ṣẹ́ kúrò. Ohun tí ó ń já bọ́ sílẹ̀ nígbà náà jọ òǹkà 6 tàbí 9, bí ọ̀gá bá sì ti rí 6 àti 9 nílẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pọ́n ọ̀bẹ náà lè fi òkúta ẹ̀rọ gbẹ́ irú kòtò bẹ́ẹ̀ sí i. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń lo ọgbọ́n tí ó fara jọ ọ́ tipẹ́: irin kejì tí ó wà lórí ọ̀bẹ ìfági ń tẹ èérún igi láìpẹ́ tí ó bá jáde, kí igi má baà là síwájú ọ̀bẹ, kí ojú pákó má sì ya.

IRIN KỌ̀Ọ̀KAN ÀTI ÌWÀ RẸ̀

Irin dídà, tí wọ́n ń pè ní «fonte» lédè Faransé, kì í mú ọ̀já jáde. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ara ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ àti àgbá bíréèkì. Nínú rẹ̀, ohun dúdú kan náà tí ó wà nínú pẹ́ńsù fọ́n káàkiri bí ìpẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, irin náà sì ń ṣẹ́ láti ibi ìpẹ́ kan dé èkejì. Èérún rẹ̀ jẹ́ hóró àti eruku dúdú. Kò ní gé ìka bí ọ̀já, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń jẹ ojú irin tí ọ̀bẹ ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí wọn kò bá nù ún.

Idẹ tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ ayírin ní òjé díẹ̀ nínú. Òjé yìí ni kì í jẹ́ kí èérún rẹ̀ gùn. Ṣóńṣó ṣóńṣó ni ó ń fò jáde. Májèlé sì ni òjé, nítorí náà ẹni tí ó bá yí idẹ gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ dáadáa kí ó tó fi kan oúnjẹ. Àwọn tí ń ṣe irin náà máa ń fi imí-ọjọ́ sínú irú irin kan kí èérún rẹ̀ lè tètè ṣẹ́.

Alumíníọ̀mù àti irin rírọ̀ ní àléébù mìíràn: wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀bẹ, pàápàá bí eré ẹ̀rọ bá kéré. Èyí tí ó lẹ̀ náà á máa tóbi, á ṣe bí ẹni pé òun ni ọ̀bẹ, á tún já kúrò, yóò sì fi ara ọ̀pá sílẹ̀ ní págunpàgun. Bí ojú dídán èérún kò bá dán mọ́, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ wá ẹ̀bi. Kí wọ́n fi kún eré ẹ̀rọ, kí wọ́n pọ́n ọ̀bẹ, kí wọ́n sì fi òróró sí i.

ÀWỌ̀ ARÓ

Èérún akọ irin lè ní àwọ̀ koríko gbígbẹ, ó lè pọ́n bí àlùkò, ó lè ní àwọ̀ aró. Ẹnikẹ́ni kò kùn ún. Ìgbóná ni ó mú kí afẹ́fẹ́ bo ojú irin pẹ̀lú awọ tín-ín-rín kan, bí awọ náà bá sì ti nípọn tó ni àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà. Àwọ̀ koríko gbígbẹ fi hàn pé ìgbóná náà tó nǹkan bí 220 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àwọ̀ aró fi hàn pé ó tó nǹkan bí 300.

Láyé àtijọ́, ọ̀bẹ ẹ̀rọ kò lè fara da irú ìgbóná bẹ́ẹ̀. Yóò rọ̀, yóò sì kú. Ní Amẹ́ríkà, Frederick Taylor bẹ̀rẹ̀ ìdánwò lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1880, ní ilé iṣẹ́ irin Midvale ní ìlú Philadelphia. Ọdún 26 ni ó fi ṣe é. Nígbà tí ó jábọ̀ ní 1906, ó sọ pé irin tí àwọn ti sọ di èérún ju 800 000 pọ́n-ùn lọ, ìyẹn nǹkan bí 360 tọ́ọ̀nù. Ó rí i pé bí wọ́n bá da omi púpọ̀ sí ibi tí èérún ti ń jáde, eré ẹ̀rọ lè fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Òun àti Maunsel White sì rí ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀bẹ tí kì í rọ̀ bí ó tilẹ̀ pọ́n. Níbi Ìpàtẹ Àgbáyé tí ó wáyé ní Paris ní 1900, wọ́n fi ọ̀bẹ náà ṣiṣẹ́ lójú àwọn ènìyàn: ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ẹyín iná, èérún aláwọ̀ aró ń tú jáde, ọ̀bẹ kò sì dẹ́kun gígé.

Nítorí náà, àwọ̀ aró kò ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ ọ̀bẹ «carbure», tí ó lè fara da ìgbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, èérún aláwọ̀ aró lè jẹ́ àmì rere: púpọ̀ jù lọ nínú ìgbóná náà ti bá èérún lọ, ó ti fi ọ̀bẹ àti ọ̀pá sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀bẹ akọ irin lásán, ìkìlọ̀ ni. Kí wọ́n dín eré kù, kí wọ́n sì da omi olóróró tí ó funfun bí wàrà sí i. Bí àwọ̀ èérún bá ṣàdédé yí padà láàárín iṣẹ́ kan náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan eré ẹ̀rọ, ó ṣeé ṣe kí ẹnu ọ̀bẹ ti kú.

Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ á lọ sínú àgbá. Ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ kì í da èérún idẹ, ti alumíníọ̀mù àti ti irin pọ̀, nítorí iye tí àwọn tí ń ra àlòkù irin ń san lórí wọn kò dọ́gba, ibi tí wọn yóò sì ti yọ́ wọn kò pa pọ̀. Ọ̀já gígùn máa ń kún àgbá kí ọjọ́ tó kanrí, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e lé ìwọ̀n, kò tó nǹkan. Àgbá tí ó kún fún 6 àti 9 wúwo débi pé ẹni kan kò lè dá gbé e.